Ààrò Kẹrin Ìlú Ìjámọ̀

Ẹ̀yin ènìyàn mi tí ẹ mú ìwé yìí lọ́wọ́, mo kí yín tìfẹ́tìfẹ́. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìsinmi, ẹ kú ilé, ẹ kú ọ̀nà. Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹni tí ó dá igbó, tí ó dá ẹni tí ń wọ inú rẹ̀ lọ, tí ó sì ń mú un jáde láàyè. Bí kì í bá ṣe Òun ni, egungun mi ì bá ti di ohun tí ìkán ń kọ́lé sí. Ìyìn ni fún orúkọ rẹ̀.

Èmi ni Sílà Ọdẹ́jìnmí, ọdẹ ìlú Ìràwé. Bàbá mi sọ mí ní Ọdẹ́jìnmí, àlùfáà sọ mí ní Sílà lọ́jọ́ tí mo ṣe ìrìbọmi, àwọn ẹranko kò sì bìkítà èwo ni mo ń jẹ́ nínú méjèèjì: bí wọ́n bá ti gbúròó ẹsẹ̀ mi, wọ́n a sá. Lọ́sàn-án ọjọ́ ìkórè ni mo sọ ìtàn yìí fún àwọn ará ìjọ wa, lábẹ́ igi ọ̀dán tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá Dọ́káàsì, tí í ṣe olórí àwọn ìyá ìjọ, ló fà á. Ó ní, "Ọdẹ, ìlú Ìjámọ̀ tí àwọn èèyàn ń sọ yìí, ṣé ó wà rí lóòótọ́, àbí àwọn àgbà kàn fi ń rẹ ọmọ sùn ni?" Bí mo ti dá a lóhùn ni mo kọ ọ́ sílẹ̀ yìí, pẹ̀lú bí ó ti ń já lu ọ̀rọ̀ mi.

Nígbà tí wọ́n mú Àyọ̀ká ìyàwó mi wá sí ilé mi, òkúta ló rù wá. Àwọn àbúrò mi obìnrin rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, "A tọrọ ìyàwó, wọ́n di òkúta fún wa! Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa wò ó bóyá ó ń sọ̀rọ̀." Àyọ̀ká kọjá láàárín wọn. Ó wọ ilé ìdáná, ó sì gbé òkúta náà sí ẹ̀gbẹ́ ààrò mẹ́ta tó wà níbẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Èwo wá ni ti ẹ̀kẹrin? Kò gbé ìkòkò, kò gbé agbada, kàkà bẹ́ẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, Àyọ̀ká a bu oúnjẹ àkọ́bù sórí ewé, a gbé e lé e lórí. Nígbà kan tí ebi pa mí, mo na ọwọ́ sí oúnjẹ náà. Ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, bàálé mi, kì í ṣe tiwa. Ẹni tó ni ín wà lọ́nà." Èmi náà rí ìlò tèmi fún òkúta náà. Mo ń pọ́n àdá lára rẹ̀, nítorí ó ń mú irin dáadáa. Ìgbàkígbà tí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀, Àyọ̀ká a ké pé, "Ẹ má fi irin kàn án lójú!" Bí mo bá bi í pé kí ló dé, a ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ní Ìjámọ̀. N ó sì rẹ́rìn-ín.

Ìjámọ̀ ni ìlú tí àwọn ará ilé Àyọ̀ká ní àwọn ti wá. Wọ́n ní idẹ ni wọ́n fi mọ odi rẹ̀, wọ́n ní àpáàdì ni wọ́n tò sí gbogbo ìgboro rẹ̀ bí ẹni tẹ́ ẹní, wọ́n sì ní ọjọ́ kan ṣoṣo ni ilẹ̀ gbé e mì. Kò sí ẹni tó dé ibẹ̀ rí. Bí èèyàn bá pa irọ́ ńlá ní Ìràwé, a ó ní, "Kú àbọ̀ láti Ìjámọ̀."

Ẹ̀rín ni ọ̀rọ̀ náà títí Lájùwọ̀n fi sọ ọ́ di ẹkún. Lájùwọ̀n ni Ọ̀tún ìlú wa. Ilẹ̀ àwọn àna mi, ilé Ajíbóyè, wà létí odò, ilẹ̀ dúdú tí iṣu ń ta níbẹ̀ bí itan erin, ojú Lájùwọ̀n sì ti wà lára rẹ̀ tipẹ́. Lọ́jọ́ kan tí gbogbo ìlú pé sí ààfin, ó dìde níwájú Oníràwé, ọba wa.

Ó ní, "Kábíyèsí, gbogbo ìdílé ìlú yìí ló lè na ìka sí ibi tí wọ́n ti wá. Ilé Ajíbóyè nìkan ni kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní Ìjámọ̀. Ta ló mọ ọ̀nà Ìjámọ̀? Ẹni tí kò ní orírun, bí kò bá jẹ́ ìsáǹsá, olè ni. Ṣé irú wọn la ó máa sin sí àárín àwọn baba wa?"

Lórí Òkúta Ọ̀run ni Oníràwé jókòó sí lọ́jọ́ náà. Òkúta yìí ni wọ́n ń fi ọba jẹ lé lórí, òun sì ni ọba ń jókòó sí bí ọ̀rọ̀ bá wúwo. Àwọn ará ààfin ní láti ojú ọ̀run ló ti já bọ́, wọ́n ní àmì dúdú tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan jẹ́ àtàǹpàkò ọ̀run. Èèwọ̀ ni kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án bí kò ṣe ọba fúnra rẹ̀.

Oníràwé dájọ́. Ó ní kí ilé Ajíbóyè mú ẹ̀rí wá pé Ìjámọ̀ wà rí, kí iṣu tuntun tó wọ ìlú. Bí wọn kò bá rí i mú wá, ilẹ̀ wọn di ti ààfin, a ó sì máa gbé òkú wọn lọ sí igbó ìta, níbi tí a ń ju àwọn tí ìlú kò mọ̀ sí.

Ajíbóyè, bàbá ìyàwó mi, wà lórí àìsàn nígbà náà. Gbogbo wa la mọ̀ pé kò ní dìde mọ́. Ó di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́ bí ewé gbígbẹ.

Ó ní, "Ọkọ ọmọ mi, ikú kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Abẹ́ ilẹ̀ yàrá yìí ni ìyá Àyọ̀ká wà. Mo ṣèlérí fún un pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni n ó sùn sí. Má jẹ́ kí wọ́n gbé mi lọ sí igbó ìta."

Mo ní, "Bàbá, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé Ìjámọ̀ wà?"

Ó wo òrùlé. Ó ní, "N kò mọ̀. Bàbá mi ló sọ fún mi, bàbá tirẹ̀ ló sọ fún un. Ohun tí mo mọ̀ kò ju ihò yẹn lọ."

Ihò tó ń sọ wà ní ilé ìdáná rẹ̀. Ní ojú ààrò àtijọ́ ti ilé náà, òkúta mẹ́ta ló dúró, ihò kan sì wà níbi tó yẹ kí ẹ̀kẹrin wà. Àwọn ọmọbìnrin wọn a máa ṣa òkúta létí odò gbé lọ sí ilé ọkọ, ṣùgbọ́n ní ilé baba wọn yìí, inú ihò ni wọ́n ń gbé oúnjẹ àkọ́bù sí. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ dí i. Wọ́n ní òkúta tó ni ibẹ̀ lọ sí ìrìn-àjò.

Mo kúnlẹ̀, mo gbàdúrà, mo gbé ìbọn ṣakabùlà mi kọ́ èjìká, mo sì fi àdá sí ìbàdí. Ẹ̀yin tí ẹ ń wò mí pẹ̀lú ọ̀pá lónìí, ẹ má ṣe rò pé bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rí láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà náà, bí mo bá wúkọ́, ẹfọ̀n a gbàgbé ibi tó ń lọ.

Ìyá Dọ́káàsì ní, "Àti Lájùwọ̀n náà ńkọ́, ṣé ìwọ kò lè wúkọ́ lé e lórí?"

Mo ní, "Ìyá, ẹfọ̀n ní ìtìjú."

Igbó Olóhùn ni mo kọ́kọ́ bọ́ sí. Kò sí ẹyẹ níbẹ̀, kò sí kòkòrò, ewé kan kò sì mì. Ohùn àwọn òkú ẹni ló ń gbé inú igi ibẹ̀. Ẹni tó bá dá wọn lóhùn, igi a lanu, a gbé e mì, ohùn tirẹ̀ náà a sì dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń pe èèyàn. Mo ti mọ èyí, mo sì ti di eyín mi pọ̀. Bàbá mi pè mí, n kò dáhùn. Ọ̀rẹ́ mi tí erin pa pè mí, ó ní ẹ̀tù òun ti tán, kí n bùn òun díẹ̀. N kò dáhùn, ṣùgbọ́n òógùn bò mí. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn ìyá mi.

"Ọdẹ́jìnmí o! Ebi ń pa mí. Ọdẹ́jìnmí, ṣé ìwọ náà á kọjá lára mi bí ẹni tí kò mọ̀ mí?"

Ẹ̀yin ará, ohùn ìyá kì í ṣe ohun tí ọmọ ń gbọ́ kó kọjá lọ. Ẹnu mi ti là, mo ti mí sínú, igi tó wà níwájú mi sì ti ń la àyà bí ẹni ya aṣọ, mo ń rí inú rẹ̀ pupa bí ọ̀fun. Nígbà náà ni nǹkan kan sọ sí mi lọ́kàn pé, dúró ná. Láti ọjọ́ tí ìyá mi ti bí mi títí di ọjọ́ tí Olúwa fi pè é, kò pe orúkọ mi rí. Àjàní ló ń pè mí. Bí inú rẹ̀ dùn, Àjàní. Bí ó mú pàṣán lọ́wọ́, Àjàní. Ta wá ni Ọdẹ́jìnmí lẹ́nu rẹ̀? Mo pa ẹnu dé pẹ̀lú agbára tó bẹ́ẹ̀ tí eyín mi fi gé mi láhọ́n. Igi náà pa àyà dé, ó ní, "Ó mọ̀!" Gbogbo igbó gbà á: "Ó mọ̀, ó mọ̀," títí mo fi jáde.

Ìyá Dọ́káàsì fọwọ́ bo ẹnu. Ó ní, "Bí ó bá jẹ́ pé Àjàní ló pè ńkọ́?"

Mo ní, "Ìyá, ẹ̀yin àti igi ọ̀dán yìí lẹ ì bá jọ máa sọ̀rọ̀."

Ibi tí mo jáde sí ni ìlú tí wọ́n ń pè ní Jẹ́-n-rí-i. Ojú àwọn ará ibẹ̀ tóbi bí àwo ọbẹ̀, etí wọn sì kéré bí ẹ̀wà. Wọn kì í gba ohunkóhun gbọ́ àfi ohun tí ojú wọn bá rí lójú ẹsẹ̀. Wọ́n mú mi lọ síwájú Baálẹ̀ wọn, ọkùnrin tó sanra, tí kì í ṣẹ́jú.

Ó ní, "Kí ni ọ́?"

"Ọdẹ ni mí."

"Ẹran tí o pa dà?"

"N kò tíì pa."

"O kì í ṣe ọdẹ. Ta ló bí ọ?"

"Ìyá mi ni."

"Mú un jáde ká rí i."

"Ó ti kú."

Àwọn ará ìlú hó yèè. "Kò ní ìyá! Wọn kò bí i!"

Baálẹ̀ gbé ọwọ́ sókè. Ó ní, "Ohun tí wọn kò bí, kò sí. Ohun tí kò sí kò gbọdọ̀ máa mí láàárín ìlú mi, kó má ba ọ̀rọ̀ wa jẹ́. Ẹ gbé e lọ sí Kòtò Kò-sí."

Ọ̀gbun jíjìn kan ni kòtò náà, ibẹ̀ ni wọ́n ń ju gbogbo ohun tí wọ́n bá ti dájọ́ pé kò sí sí. Wọ́n fà mí dé etí rẹ̀. Mo wo ìsàlẹ̀, mo rí egungun ọkùnrin kan tí wọ́n ní ó máa ń sọ nípa òkun, àti ti obìnrin kan tó ní òun lá àlá. Mo ti ń gbé ẹ̀mí mi lé Olúwa lọ́wọ́ nígbà tí ẹnì kan fa aṣọ mi ya, ikùn mi sì hàn síta. Ojú mi kan ìdodo mi. Mo kígbe pé, "Ẹ dúró! Baálẹ̀, ẹ ní ohun tí ojú rí lẹ ń gbà. Kí lẹ rí yìí?"

Ó sún mọ́ mi, ó wò ó. Ó ní, "Ìdodo ni."

"Ta ló fi í síbẹ̀?"

Ó tún tẹ̀ ba wò ó.

Mo ní, "Ẹ gbé aṣọ tiyín náà sókè." Ó gbé e. Ìdodo tirẹ̀ tóbi bí ọsàn. Mo ní, "Ìyá tiyín dà, Baálẹ̀? Okùn ti já, ẹni tó di ìkángun rẹ̀ mú ti lọ, àmọ́ ojú ibi tí wọ́n ti so ó kò parẹ́. Ohun tó bá ti wà rí a máa fi ìdodo sílẹ̀."

Fún ìgbà àkọ́kọ́, ọkùnrin náà ṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà ó bú sẹ́kún bí ọmọ ọwọ́. Gbogbo ìlú gbé aṣọ sókè, wọ́n ń wo ikùn ara wọn, wọ́n ń pe ìyá wọn. Wọ́n tú mi sílẹ̀. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, Baálẹ̀ nu imú, ó bi mí ibi tí mò ń lọ. Mo ní Ìjámọ̀. Ó ní, "Kò sí." Lẹ́yìn náà ó wúkọ́, ojú tì í díẹ̀, ó ní, "Lọ wá ìdodo rẹ̀."

Lẹ́yìn ìrìn tó tán mi lókun, mo dé ẹnu odi kan tí ìtàkùn ti bò. Iwin kan ń ṣọ́ ibẹ̀ tí ojú rẹ̀ wà ní ìpàkọ́, tó jẹ́ pé ohun tó ti kọjá nìkan ló ń rí. Ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó sì ń wò mí.

Ó ní, "Ọmọ aráyé, wọlé. Ṣùgbọ́n má mú nǹkan kan jáde, ìbáà ṣe ewé, ìbáà ṣe ìyanrìn. Ohun tí o bá mú jáde, ìwọ ni yóò rọ́pò rẹ̀ níbẹ̀."

Mo ní, "Ṣé n ó tilẹ̀ jáde?"

Ó ní, "Èmi kì í rí iwájú."

Ẹ̀yin ará mi, mo wọ Ìjámọ̀. Odi rẹ̀ kì í ṣe idẹ. Amọ̀ pupa ni, tí wọ́n pò mọ́ yanrìn tó ń dán. Bí oòrùn bá kàn án, ojú èèyàn a rò pé idẹ ni. Àpáàdì wà nílẹ̀ lóòótọ́, wọ́n tò ó nídùúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí eyín lẹ́nu, láti ìta kan dé ìkejì. Ìrókò ti hù nínú yàrá. Kò sí ẹ̀dá kan. Mo ń wọ ilé kan bọ́ sí òmíràn, ní gbogbo ilé ìdáná tí mo sì yọjú sí, òkúta mẹ́ta ló wà, pẹ̀lú ihò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ihò tí mo mọ̀ ni. Ihò ilé àna mi ni.

Ní àárín ọjà ìlú náà, mo bá òkìtì òkúta ńlá kan, òkúta ìdáná tí ẹnì kan kó jọ síbẹ̀. Ebi ti ń hàn mí léèmọ̀, mo sì ti pa òkété kan lọ́nà. Àdá mi ti kú. Bí mo ti ń ṣe nílé, n kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì: mo fa òkúta kan sọ́dọ̀, mo sì fi àdá lé e, ṣìn-ìn.

Òkúta náà kérora. Àwọn tó kù gbà á lẹ́nu rẹ̀, ìró náà sì gba abẹ́ àpáàdì lọ jákèjádò ìlú. Mo fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ mi kò gbé. Mo wolẹ̀, mo rí i pé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi ti di òkúta.

Ìyá arúgbó kan jáde láti ẹ̀yìn òkìtì náà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan mọ́, èkejì sì dúdú fún èéfín. Kò yára, kò sì bínú, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù.

Ó ní, "Ìwọ tí o fi irin kàn án lójú, kí ni iṣẹ́ òkúta yìí? Bí o bá mọ̀ ọ́n, sọ. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, dara pọ̀ mọ́ wọn."

Mo ní, "Ìyá, láti gbé ìkòkò ni."

Òkúta gùn mí dé orúnkún. Ó ní, "Wo orí rẹ̀. Àwọn ààrò tó ń gbé ìkòkò, orí wọn ló ń dúdú. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó kọjú sí iná nìkan ló dúdú lára èyí."

Mo ní, "Láti dá afẹ́fẹ́ dúró fún iná ni."

Òkúta gùn mí dé ìbàdí. Ó tutù bí omi odò. Ọwọ́ tí mo fi di àdá ti ń wúwo. Mo rántí Ajíbóyè lórí ẹní rẹ̀, mo rántí pé èmi nìkan ni ìrètí rẹ̀, mo sì gbàdúrà kékeré kan tí kò ní ju orúkọ Olúwa lọ. Bí mo ti pe orúkọ náà, ọwọ́ Àyọ̀ká ni mo rí, bí ó ti di ọwọ́ mi mú lórí oúnjẹ. Kì í ṣe tiwa. Ẹni tó ni ín wà lọ́nà.

Mo kígbe pé, "Ti àlejò ni! Ìjókòó àlejò ni, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé oúnjẹ rẹ̀ sí kó tó dé!"

Òkúta já bọ́ lára mi bí èèpo ẹ̀pà. Mo ṣubú lulẹ̀, mo sì sunkún.

Ìyá arúgbó jókòó tì mí. Ó ní, "Ìlú tí kì í jẹun kí oúnjẹ àlejò tó wà nílẹ̀ ni ìlú wa. Ìyẹn ló sọ wá di ńlá, nítorí gbogbo ayé ń wá sọ́dọ̀ wa, wọ́n sì ń mú ọgbọ́n wọn wá. Lẹ́yìn náà ọ̀dá dá. Ilé kan jẹ oúnjẹ àlejò, ilé kejì rí i, òun náà jẹ ẹ́. Kí ojú má baà máa tì wá bí a bá rí òkúta náà, a hú gbogbo rẹ̀, a kó o jù síbí yìí. Ní ọjọ́ náà gan-an ni ọkùnrin kan wọlé, ó rẹ̀ ẹ́, kò ní nǹkan kan lọ́wọ́. Ó lọ láti ilé dé ilé. Kò rí ibi jókòó. Ilẹ̀ sì ní, 'Bí ẹ kò bá gba àlejò mọ́, ẹ̀yin náà, àlejò mi lẹ jẹ́.' Ó lanu."

Mo ní, "Gbogbo yín?"

"Àyàfi ilé kan. Àwọn kò tíì hú tiwọn. Wọ́n gbé ọkùnrin náà jókòó lórí òkúta wọn, wọ́n bu oúnjẹ ìkẹyìn wọn fún un. Nígbà tí ilẹ̀ ń mì, òun ló mú wọn jáde, wọ́n sì gbé òkúta náà dání. Níbi tí wọ́n tẹ̀ dó sí, ọkùnrin náà di alágbára, wọ́n fi í jọba. Ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún òun ní òkúta tí òun ti jẹun, kí òun má baà gbàgbé pé àlejò ni òun. Wọ́n fún un. Wọ́n fi ihò rẹ̀ sílẹ̀ dè é." Ó wò mí. "Ó kú láìgbàgbé. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀..."

Kò parí rẹ̀. Mo ti mọ òkúta tó ń sọ.

Kí n tó jáde, mo gbọn aṣọ mi, mo fọ ẹsẹ̀ mi, kí yanrìn kan má baà tẹ̀ lé mi. Èmi tí mo lọ wá ẹ̀rí, ọwọ́ òfo ni mo mú bọ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé iṣu tuntun dé ẹnu ibodè ni mo wọ Ìràwé. Ajíbóyè ṣì ń mí, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn Lájùwọ̀n ti gbẹ́ ilẹ̀ sílẹ̀ dè é ní igbó ìta. Mo lọ tààrà sí ààfin.

Lájùwọ̀n rí mi, ó pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Ẹ wo onírìn-àjò! Kú àbọ̀ láti Ìjámọ̀ o, ọdẹ. Idẹ inú odi rẹ̀ dà? Kí lo mú bọ̀?"

Mo na ọwọ́ méjèèjì, wọ́n ṣófo. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Oníràwé kò rẹ́rìn-ín.

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Kábíyèsí, kí ẹ pẹ́. Ẹ̀rí náà kò sí lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin lẹ jókòó lé e lórí."

Mo sọ ohun tí mo rí, n kò fi kún un, n kò sì yọ nínú rẹ̀. Mo ní, "Àmì ẹ̀rẹ̀kẹ́ òkúta yẹn kì í ṣe àtàǹpàkò ọ̀run, Kábíyèsí. Èéfín ìdáná ni. Òkúta àlejò ni, ilé Ajíbóyè ló gbé e jókòó fún baba ńlá yín."

Lájùwọ̀n fò sókè. "Ó pe ọba ní àlejò ní ìlú rẹ̀! Ẹ bẹ́ ẹ lórí! Èéfín a máa wà níbi gbogbo, ta ni èéfín í ṣe ẹlẹ́rìí fún?"

Mo ní, "Òótọ́ ni, Ọ̀tún. Nítorí náà ẹ má gbà mí gbọ́. Ihò kan wà ní ilé Ajíbóyè. Kí Kábíyèsí gbé òkúta náà lọ síbẹ̀. Bí kò bá wọ̀ ọ́, orí mi rèé."

Oníràwé dìde. Ó tẹ̀ ba, ó wo àmì dúdú náà, ó fi ìka rà á, ó sì wo ìka rẹ̀ pẹ́. Àwọn ẹmẹ̀wà súré wá láti gbé òkúta náà, wọ́n rántí èèwọ̀, wọ́n dúró. Kò sí ẹni tó lè gbé e bí kò ṣe ọba. Ó ṣí adé, ó gbé e lé wọn lọ́wọ́. Ó sì gbé òkúta náà, ó rù ú lórí lásán, bí Àyọ̀ká ti ru tirẹ̀ wá sí ilé mi.

A rìn já ìlú. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń ké fi ọmú dí i lẹ́nu. Mo ń wo ọrùn ọba tó ń gbọ̀n lábẹ́ ẹrù, mo sì ń fọwọ́ ra ọrùn tèmi. Bí òkúta náà bá fi ìka kan ṣoṣo tóbi jù, mo kú, Ajíbóyè di ti igbó ìta.

Àwọn ọmọ ti gbé Ajíbóyè wá sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná lórí ẹní rẹ̀. Oníràwé kúnlẹ̀ níbi ààrò. Ó sọ òkúta kalẹ̀ sínú ihò. Kò wọ̀ ọ́. Ó dúró ní wọ́gọwọ̀gọ, Lájùwọ̀n sì ti ń la ẹnu. Ajíbóyè gbé ìka sókè pẹ̀lú ìnira, ó ní, "Kábíyèsí, ẹ yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ dúdú rẹ̀ sí iná."

Ọba yí i. Òkúta náà wọlé bí ẹyin ti ń wọ ìtẹ́. Kò ku àlàfo tí èèrà lè gbà.

Oníràwé rọra jókòó sórí rẹ̀ nínú eérú, orí rẹ̀ lásán, ó sì wo Ajíbóyè lójú. Ó ní, "Bàbá, èmi ni àlejò."

Omi dà lójú arúgbó náà. Ó ní, "Àyọ̀ká, bu oúnjẹ. Ẹni tó ni ín ti dé."

Ìyàwó mi bu iṣu tuntun àkọ́bù sórí ewé, ó gbé e síwájú ọba, ọba sì jẹ ẹ́ tán pátápátá níwájú gbogbo wa. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, Lájùwọ̀n kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ajíbóyè sùn nínú Olúwa kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ìyàwó rẹ̀ la sin ín sí, nínú yàrá rẹ̀, ọba sì jókòó lórí òkúta náà títí wọ́n fi kún ilẹ̀ tán. Kò gbé e padà sí ààfin. Ẹni tí yóò bá jọba ní Ìràwé, ilé ìdáná yẹn ni yóò ti kọ́kọ́ lọ jẹun. Èmi náà ra òkúta ìpọ́nrin.

Ìyá Dọ́káàsì tún ìjókòó rẹ̀ ṣe. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ọdẹ, o kò tíì dá mi lóhùn. Ṣé Ìjámọ̀ wà rí?"

Mo ní, "Ìyá, mo ti padà wá ọ̀nà rẹ̀, n kò rí i mọ́, n kò sì lè mú yín débẹ̀. Bí ẹ bá délé, ẹ wo ìdodo yín."

Ẹ̀yin tí ẹ ka ìwé yìí dé ibí, mo fi yín lé Ọlọ́run lọ́wọ́, Ẹni tó gba gbogbo wa ní àlejò sínú ayé rẹ̀. Kí ìkòkò yín má ṣe gbẹ, kí iná ìdáná yín má ṣe kú. Ohùn tí yóò pè yín sí ìparun, kí ẹ dá a mọ̀ kí ẹ tó dáhùn. Ní ìlú tí wọn kò ti mọ̀ yín, kí ẹnì kan ti bu oúnjẹ yín sílẹ̀ kí ẹ tó dé. Nígbà tí ìrìn bá sì parí, kí ẹ bá ìjókòó tiyín nílé Baba, kó sì wọ̀ yín rẹ́gí. Àmín.